Kúrúséèdì Orí Ọ̀sà

Òórùn káńfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà. Nílé wa ní Attécoubé, nílùú elédè Faransé tá à ń gbé, bí èèyàn bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ó ti mọ̀ pé màámi ti ṣí àpótí aṣọ funfun, kò sì sí ọmọ tó máa ṣeré lọ́jọ́ náà. Aṣọ funfun wa kì í jáde lásán. Bí kì í bá ṣe ìtẹ̀bọmi, á jẹ́ Àjíǹde, tàbí kó jẹ́ pé àgbà ìjọ kan ti sùn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìgbádùn là ń lọ ṣe lójú omi, màámi ni kò mọ̀.

Bàámi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Adjamé. Oníṣòwò ńlá kan ní Treichville tí wọ́n máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fún wọn ní káàdì kan tí wọ́n kọ "croisière familiale" sí. Gbogbo ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n á fi ọkọ̀ gbé tọkọtaya tọmọtọmọ yí ọ̀sà ká, kálukú á jẹ, á mu, á sì padà sílé. Bàámi ò gbọ́ Faransé kọjá ti owó, wọ́n sì na káàdì náà sí màámi.

Màámi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi tọkàntara. Lára ògiri Adjamé, wọ́n máa ń rí ìwé ìpolówó tí wọ́n kọ "croisade" gàdàgbà sí, wọ́n sì mọ̀ pé kúrúséèdì nìyẹn, ìsọjí tí arọ ti ń rìn. Wọ́n wo bí ọ̀rọ̀ orí káàdì ṣe bẹ̀rẹ̀, wọn ò dúró wo bó ṣe parí. Wọ́n pariwo, "Kúrúséèdì ẹbí ni! Lójú omi! Bíi ti Jésù ní Gálílì!"

CM1, ìyẹn kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo wà nígbà yẹn, ojú mi sì ti là jù. Mo ní, "Màámi, croisière kì í ṣe croisade o."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Faransé tí mò ń sanwó rẹ̀ lo wá fi ń kọ́ mi níṣẹ́ Ọlọ́run? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Àṣé màámi ò fẹ́ gbọ́ ni. Ìyá wọn, Màmá Àgbà, wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, orúnkún tó ń ro wọ́n ò sì jẹ́ kí màmá lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkè Attécoubé. Inú yàrá ni wọ́n ń gbé tọ̀sán tòru. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: "Ẹ dá mi padà sílé." Ẹ̀gbọ́n màámi ọkùnrin sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rù ń ba màámi pé bí ìyá àwọn bá lọ, àwọn lè má fojú kàn wọ́n mọ́. Wọ́n fẹ́ kí orúnkún yẹn san kí ẹ̀gbọ́n wọn tó dé, ibi tí wọ́n sì rò pé ó ti máa san ni wọ́n ń mú wa lọ.

"Àdúrà tí kò láàwẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni," màámi máa ń wí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa ò fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀ yẹn. Bàámi pọn ìyá ìyàwó wọn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀. Màámi gbé Bíbélì àti ìgò òróró àdúrà tẹ̀ lé wọn. Èmi àtàwọn àbúrò mi méjì to sẹ́yìn, a funfun báláú.

Nígbà tá a dé etí omi, ṣòkòtò péńpé àti dígí dúdú làwọn yòókù wọ̀. Màámi mi orí. "Ẹ wo àwọn èèyàn yìí. Ìhòòhò ni wọ́n fẹ́ fi gba ìbùkún." Èmi ò rí ìhòòhò kankan o. Tábìlì gbọọrọ kan tí wọ́n to attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ẹja sísun àti dòdò sí nínú ọkọ̀ ni mò ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá atukọ̀ fi jáde pẹ̀lú maikirofóònù, aṣọ funfun nini lọ́rùn, bọ́tìnnì wúrà láyà. Màámi gbún bàámi ní ìgúnpá: "Pásítọ̀ nìyẹn." Wọ́n pín ẹ̀wù kan tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún wa, aláwọ̀ ọsàn. Màámi ní aṣọ akọrin ni. Atukọ̀ fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ hàn wá, ló bá na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Levez les mains!"

"Halelúyà!" màámi dáhùn. Gbogbo ọkọ̀ yíjú padà. Bàámi ń wo omi bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sí i.

Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, tí ìyáàfin kan sì ń fi ìdí gbo ilẹ̀, mo rò pé ojú màámi á là. Wọ́n ní, "Bí ẹ̀mí ṣe ń bà lé kálukú ló yàtọ̀." Ni wọ́n bá gbé òróró, ó di ọ̀dọ̀ atukọ̀. "Pasteur, pardon. Priez pour ma mère." Wọ́n ní kí pásítọ̀ jọ̀ọ́ gbàdúrà fún ìyá àwọn.

Ọkùnrin náà wo màámi, ó wo Màmá Àgbà tó ká jọ sórí àga. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà. "Maman, viens. Tu vas conduire." Ó ní kí màmá wá wa ọkọ̀.

Òun àti bàámi gbé màmá dìde, wọ́n sì gbé ọwọ́ màmá lé ìdarí ọkọ̀. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè wọn. Atukọ̀ rọra fi ọwọ́ sílẹ̀, bàámi náà fi sílẹ̀, Màmá Àgbà sì dúró. Màámi ti ń sunkún. Màmá la ẹnu, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta tá a ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn: "Omi tó tóbi báyìí wà nílùú yín, ẹ wá tì mí mọ́ yàrá!" Wọ́n fa imú. "Ta ló ń sun ẹja?"

"Màmá, a wà nínú ààwẹ̀ o," ni màámi wí.

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ bu oúnjẹ fún mi."

Bí àwa ọmọ ṣe já bọ́ lé tábìlì nìyẹn.

Orúnkún ò san. Ẹ̀yìn bàámi náà ni màmá fi gun òkè padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n màámi dé, Màmá Àgbà ní àwọn ò lọ síbì kankan, àwọn ń dúró de kúrúséèdì tó ń bọ̀. A wá ń gbé àga wọn sí ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́ kí wọ́n lè máa wo ọ̀sà, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Màámi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fún ìgbà pípẹ́ làwọn èèyàn ń béèrè ibi tí pásítọ̀ orí omi yẹn ń gbé.

Biétry, nílùú kan náà, lèmi ń gbé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo san owó irú ìrìn àjò yẹn fún ẹbí tèmi. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi àlàyé ránṣẹ́ sórí fóònù mi nípa ohun tí ẹni tó bá kọ́kọ́ ń lọ máa nílò: bàtà pẹlẹbẹ, àkẹtẹ̀, oògùn èébì, sùúrù fáwọn ọmọdé. Mo kà á tán, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn mú ìyá rẹ̀ dání.

Màámi, tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, tí ọ̀pá sì ti di ẹsẹ̀ kẹta fún wọn, ń wò wá bá a ṣe ń di ẹrù. "Ibo là ń lọ?"

Ọmọbìnrin mi, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Faransé ló fi ń fèsì, ní, "Une croisière, Mamie."

Ojú màámi tàn. "Kúrúséèdì?"

Ọmọ mi la ẹnu láti tún un ṣe. Mo fojú bá a wí. Nígbà tí mo wà bíi tirẹ̀, dídùn ló máa ń dùn mọ́ mi pé mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn ju màámi lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màámi," mo ní. "Kúrúséèdì ni." Mo sì lọ ṣí àpótí aṣọ funfun.