Oògùn Ọ̀fun Kọnkéré

Òórùn ṣúgà tó jóná ni mo fi ń rántí ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí dúróòmù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, òórùn yẹn á gba gbogbo ibi iṣẹ́ kan, á borí òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì àti ti ẹrẹ̀ odò kékeré tó wà láàárín Ìbàfò àti Mówè. Ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ ni, a sì ń kọ́ afárá kan síbẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti apá Ọ̀yọ́ dé, a gba yàrá kan ní Ìbàfò. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí, ara mi yá sí iṣẹ́, ẹnu mi sì mú bí abẹ. O mọ̀ mí, kò tíì kú títí dòní.

Tẹ́lẹ̀, orí la fi ń ru kọnkéré. Ẹ̀rọ tuntun kan wá dé tó ń tì í gba inú páìpù gígùn lọ síbi tí wọ́n bá fẹ́. Ọkọ mi ni wọ́n ní kó dúró ti páìpù náà. Bí kọnkéré bá há sínú rẹ̀, òun ló máa fi òòlù lù ú lọ lù ú bọ̀ títí á fi rí ibi tó dí, á tú u, á sì fi ọwọ́ họ ọ́ jáde kó tó le. Omi dúdú inú dúróòmù yẹn, tó ki bí oyin, ni kì í jẹ́ kó há. Ẹnjiníà ní orúkọ òyìnbó tó ń pè é, ahọ́n wa kò gbà á, la bá sọ ọ́ ní oògùn ọ̀fun, torí páìpù ni ọ̀fun kọnkéré. Èmi tí mo ti ń ru yẹ̀pẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Agolo mílíìkì kan ni kí n máa bù sí i nígbàkígbà tí wọ́n bá po kọnkéré, kò gbọdọ̀ lé.

Orúkọ tí a sọ ọ́ yẹn ló kó bá mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ìwọ, ta ní ń wọn oògùn? Ìyá mi á gbé igbá àgbo sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ á mu ún yó, wọ́n á fi ìyókù wẹ̀ ẹ́. Àgbo tó kéré la mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́, a kò gbọ́ èyí tó pọ̀ jù rí. Lọ́sẹ̀ kan, páìpù dí lẹ́ẹ̀mẹta, àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi bó débi pé kò lè fi bu òkèlè. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bí mo ṣe ń jẹ́ kó mọ̀ lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tí a fẹ́ da kọnkéré sí orí afárá, mo bu agolo mẹ́ta dípò ọ̀kan. Kọnkéré ń yọ̀ lọ bí ògì gbígbóná. Ọkọ mi gbé òòlù sílẹ̀, ó ń súfèé, èmi náà ń dá rẹ́rìn-ín nídìí dúróòmù. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ẹnjiníà gun orí afárá, ó fi ìka tẹ kọnkéré, ìka wọlé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Bó ṣe ń nu ìka rẹ̀ ló ń wo ilé tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Bàbá kan, ọmọ bíbí Ìbàfò, ló ń tọ́jú ibẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, “ìyàwó” ló máa ń pè mí, bíi pé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ mi. Ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ ni pé kọnkéré tí kò bá le, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ni kò pé, ẹnìkan ti gbé e tà.

“Bàbá,” ni ẹnjiníà wí, “níbo lẹ kó sìmẹ́ńtì yòókù sí?”

Bàbá dá a lóhùn. “Ọmọ mi, n kò kó nǹkankan.”

“Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé.”

Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó gba etí ọ̀nà lọ. Mo dúró pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo fa ọkọ mi sí kọ̀rọ̀, mo sọ fún un. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé àwa méjèèjì ni?” ló fi dá mi lóhùn. “Bàbá ní oko. Kí ni àwa ní?” Mo bá dákẹ́. Ó rọrùn fún mi láti dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kí Bàbá tó dé mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìyá onílé wa ló ròyìn rẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, kò sẹ́ni tó bọ Bàbá lọ́wọ́, títí kan àwọn tí wọ́n jọ dàgbà.

“Kí ni wọ́n wá ṣe, Ìyá?”

“Wọ́n ká ẹní wọn,” ló wí, “wọ́n relé.”

N kò lè jẹun mọ́. Láàárọ̀ Sátidé, mo ṣáájú ọkọ mi jáde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹnjiníà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, agolo mẹ́ta ni mo ń bù. Bàbá kò jalè.”

Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, ó fọwọ́ bojú. Ó ní bí oògùn yẹn bá pọ̀ jù, ńṣe ló ń mú sìmẹ́ńtì sùn, kì í pa á, yóò jí. “Èmi ló yẹ kí n mọ̀,” ló wí. “Mo yára sí Bàbá ni.” A fi àpò tútù bo kọnkéré náà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ajé, ó ti le koko. Wọn kò lé wa, wọ́n kàn dá mi padà sídìí yẹ̀pẹ̀ ni.

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ìbàfò, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé Bàbá, lójú gbogbo ará àdúgbò. Bàbá ní kó dìde, òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kò gba kọ́kọ́rọ́. Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

“Ìyàwó, ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti àárọ̀ Jímọ̀ ni, Bàbá.”

Ó mi orí. “Ṣáájú ìrun,” ló wí, ó sì wọlé.

Kò padà síbi iṣẹ́ mọ́, oko ló ń lọ títí a fi parí afárá. Bí mo bá kí i lọ́nà, á dá mi lóhùn dáadáa, á béèrè ọkọ mi, ìyàwó náà ló ṣì ń pè mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi tí wọ́n ní mo hùwà akin, pé mo lọ jẹ́wọ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni mo sọ o, ṣùgbọ́n wọ́n ti kírun tán kí n tó sọ ọ́.