Hòtẹ́ẹ̀lì Tí Mo Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Wá ní Adó

Awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Pọtakọ́tì ló mú lẹ́tà náà wá bá mi ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ ọ́. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu àpò ìwé náà pa, ó tún fi pín-ìnnì kàn án. Mo ní, "Háà, kí lọkùnrin yìí ń fi pamọ́ tó báyìí?" Mo ya á, mo kà á. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe Ọdún Àjíǹde. Kí n bá wọn wá hòtẹ́ẹ̀lì tó dára, tó ní jẹnẹrétọ̀, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí omi gbígbóná ń yọ láti ara ògiri. Ó wá fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn: Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí ẹ tó bá mi bínú. Ilé bàbá wa wà ní Òkè-Ìlá, àdúgbò kan nínú Adó. Bàbá ti kú, àwa ọmọ ti ní ilé tiwa, Màmá nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yìí nìkan ni ọkùnrin tí Màmá bí. Iléeṣẹ́ epo ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Pọtakọ́tì, ọmọ ibẹ̀ ló sì fẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ Màmá dá, kò lè lọ, torí náà kò tíì fi ojú kan ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ó ní kí wọ́n kun yàrá iwájú ní funfun. Ó ra fọ́ọ̀mù tuntun ní Ọjà Ọba, ó sì jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù títí tó fi délé, kí ẹnì kan má baà gbé ẹrù lé e. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ọmọ rẹ̀ mú ìyàwó wá sùn nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tí a kò tíì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ, tí kò sì tíì sùn mọ́jú níbẹ̀, bí ẹni tó ń kọjá lọ la ṣì máa ń wò ó.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì tún gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, kò sí ohun tó máa ní kí n ṣe tí mo lè sọ pé rárá. Ká má sì parọ́, ojú ayé náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣojú ìdílé níbi ìgbéyàwó yẹn, mo sì ti sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó epo méjì. Mo ti sọ ara mi di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì.

Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n kó àwa àlejò ìgbéyàwó sí ní Pọtakọ́tì, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ńlá kan ni, tó ní hòtẹ́ẹ̀lì káàkiri ayé. Wọ́n ní bí o bá sùn ní èyí tó wà nílùú òyìnbó, ìrọ̀rí kan náà ni, ọṣẹ kan náà ni, àwòrán òdòdó kan náà ló wà lára ògiri. Otútù ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ amúlétutù náà, ojú sì ń tì mí láti béèrè, mo bá kó gbogbo aṣọ tí mo mú wá bora, gèlè pẹ̀lú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn òyìnbó elépo dé, wọ́n ní àwọn ló ni yàrá, wọ́n kó wa lọ sí òmíràn. Ìyẹn náà ní ẹ̀ka níbi gbogbo, àmọ́ ọ̀yàyà wọn pọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi títí mo fi ń yẹ ara mi wò bóyá yẹ̀rì mi ló yọ. Oúnjẹ àárọ̀ wọn, o lè bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó máa wojú rẹ. Mo bù ú lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ẹ bá bi mí, èkejì ló dáa jù.

Adó ìgbà yẹn náà ń wá bó ṣe máa di ìlú ńlá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó bọ̀ láti Àkúrẹ́, àwọn agbaṣẹ́ṣe ń wọ́ bọ̀ láti ibi gbogbo, kò sì sí ibi tí wọ́n máa sùn. Ẹni tó ní ilé alájà kan lónìí, tó bá máa fi di ọ̀la, ó ti kọ "hòtẹ́ẹ̀lì" sí i lára, ó ti gbin òdòdó sínú táyà níwájú ìta. Àwa ò ní epo, iṣu la ní, ṣùgbọ́n ẹnu wa ò kéré.

Mo kọ́kọ́ gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀kan nítòsí ọgbà Fájuyì ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Máníjà ibẹ̀ wọ táì tó gùn dé ìdodo. Ó mú mi wọ yàrá, kápẹ́ẹ̀tì pupa nípọn nílẹ̀, ó ń dán. Ẹ̀rọ omi gbígbóná wà lára ògiri lóòótọ́. Mo ṣí i, ó wú ikọ́ díẹ̀, kò sí ohun tó yọ. Máníjà ní, "Màdáámù, a máa ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e wá." Mo ní ó dáa náà. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo fi ń dán wọn wò: ta ló ń gún iyán yín, aago mélòó ló sì ń bẹ̀rẹ̀? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í gún un mọ́, ìyẹ̀fun inú páálí làwọn ń rò. Ní Adó! Kí wọ́n fi omi gbígbóná ro iyán bí ẹni ń ro ẹ̀kọ ọmọ! Mo gbé báàgì mi. Mo ní, "Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín o," mo bá tèmi lọ.

Èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìyìn, n kò tilẹ̀ dé yàrá rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ò gbé ojú sókè tó fi bi mí pé, "Ṣé wákàtí méjì ni, àbí títí ilẹ̀ á fi mọ́?" Ó wá ń yọjú wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkùnrin ń bọ̀. Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tíṣà ni mí!" Ó ní, "Àwọn tíṣà náà ń wá, mà."

Ní ọ̀nà Ìkéré ni mo ti rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ odó. Obìnrin méjì tí wọ́n sanra dáadáa ló ń gún un, òógùn bò wọ́n, wọ́n sì ń bú ara wọn lábẹ́ ẹ̀rín. Táwẹ̀lì funfun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, jẹnẹrétọ̀ wọn ò pariwo jù. Mo fi owó tó bá lẹ́tà wá gba yàrá kan fún ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti gbàgbé pé Adó ni mo wà.

Ẹ wò ó náà. Obìnrin ọlọ́kọ, tíṣà, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Àgùdà, ó wọ hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́sàn-án gangan, nínú ààwẹ̀! Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa ń ta ọsàn nítòsí Fájuyì, ó rí mi. Àbúrò rẹ̀ ń ta búrẹ́dì lọ́nà Ìkéré, òun náà rí mi. Wọn kò bi mí o. Màmá ni wọ́n lọ sọ fún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí à ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ kiri, lẹ́yìn Máàsì, Màmá pè mí wọ yàrá iwájú yẹn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó sórí fọ́ọ̀mù tuntun. Wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ọkọ rẹ ń nà ọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá."

"Àbí kì í fún ọ lówó oúnjẹ?"

"Ó ń fún mi."

"Kí lo wá ń wá kiri hòtẹ́ẹ̀lì?"

Ẹ ò rí ayé? Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n kúkú gba àgbèrè náà, kí àṣírí ẹ̀gbọ́n mi má baà tú. Mo rò ó dáadáa o! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú Màmá, tí mo rí i pé ó ti ń sunkún kí n tó dé, ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí lẹ́tà dé orí yàrá tí mo gbà.

Màmá ń fi ọwọ́ tẹ́ ọ̀rá tó wà lára fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ṣé ulé mi ń jò ni?" Bí ó ti ń sọ èdè wa nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún.

Mo ní, "Kò jò, Màmá."

"Ṣé ó ń rùn ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò rùn."

Ó wá ní, "Èwo ló dáa jù nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì náà?" Èmi òmùgọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ti ọ̀nà Ìkéré ni, pé odó gidi ni wọ́n fi ń gún iyán. Ó ní, "Wọ́n ń gún uyán. Ó dáa." Ó dìde, ó lọ. Mo rò pé ó máa pa iṣẹ́ yàrá tì ni, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó ra kọ́tìnnì. Ìtìjú bá mi débi tí n kò lè bá a gbé e kọ́.

Ọ̀sán Sátidé, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Àjíǹde, ni wọ́n dé. Ìyàwó náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló fi kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú Màmá. Mo ní, họ́wù, ta ló kọ́ ọ? Màmá da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàdúrà, àdúrà náà gùn. Ìyàwó kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí a ti ṣe àmín ni òun náà ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, a ní láti tètè máa lọ, a ti..."

Màmá ní, "Mo ti gbọ́." Ó di ìyàwó lọ́wọ́ mú, ó sì ṣí yàrá iwájú.

Ọmọbìnrin náà dúró. Ó wo ògiri funfun, ó wo kọ́tìnnì, ó wo bẹ́ẹ̀dì. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó sì fi òyìnbó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣebí ìwọ lo sọ pé kò sí yàrá nílé ìyá rẹ, pé apá kan ilé ti wó?" Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àjà. Gbogbo ìgbà yẹn mo rò pé nítorí ìyàwó ló ṣe ń wá ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé onípákó létí odò ni wọ́n ti tọ́ ọmọbìnrin yẹn dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni ilé bàbá rẹ̀ ń tì lójú.

Ìyàwó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ranjú. Ó ní òun ò lè sùn nínú ooru, òun ò sì lè fi yàrá tí òun ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Agídí ìran wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó gbé àpò tirẹ̀ sínú ọkọ̀, ó wà á lọ. Màmá kò dá a dúró.

Ilẹ̀ Àjíǹde ń mọ́ ló padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Láti aago márùn-ún ni wọ́n ti ń gún iyán lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Ìyàwó rẹ̀ àti Màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó iṣu, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún ara wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọdún."

Màmá dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọ pálọ̀. Ó fi etí ìró nu àga ńlá tí fádà máa ń jókòó sí bí ó bá wá kí wa. Ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ó wọ inú lọ, ó gbé omi jáde nínú gíláàsì, ó gbé e lé àwo pẹlẹbẹ, ó fi òmíràn dé e. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ ilé wa, ìdí àmù ló ń lọ fúnra rẹ̀, bó ti wù kó dàgbà tó. Màmá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé omi fún un.

"Ẹ kú ìrìn àjò o," ó ní. "Ibo lẹ dé sí ní Adó?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì di gíláàsì náà mú. Ó ní, "Màmá, èmi mà ni."

Màmá ní, "Mo mọ̀. Ibo lẹ dé sí?"

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń dúró de èsì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé gíláàsì náà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí a sin bàbá wa, n kò rí i kó sunkún rí. Èmi tí mo mọ èsì ìbéèrè yẹn, tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá a gba ibẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò lè wo ojú ìyá mi.