Takyo Tí Wọ́n Sọ Di Ará Jàpáánù

Lóko ewébẹ̀ tí àwa ará Filipíìnì ti ń ṣiṣẹ́ ní Stockton, ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó lè dá Eustaquio Lagmay mọ́lẹ̀ nínú ìjàkadì. Takyo là ń pè é. Ogun ti parí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́jà Jàpáánù ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ní Filipíìnì, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sin ín.

Òyìnbó kan, Kessler, tó ń gbé ìjàkadì kalẹ̀ fáwọn tó ń sanwó wòran, wá wò ó lóko. Ó bi í lórúkọ.

"Takyo, sà."

Kessler bú sẹ́rìn-ín. "Tokyo! Orúkọ ẹ ti bá wa ṣe é. Láti òní lọ, ará Jàpáánù ni ẹ́."

"Sà, àwọn yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ta ló bi ẹ́? Ojú kan náà kọ́ lẹ ní? Àbí kí n fi ẹ́ sílẹ̀ sóko?"

Takyo wọ bàtà onígi tàwọn ará Jàpáánù. Wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa tẹríba jẹ́jẹ́, kó tó da iyọ̀ sójú ẹni tó ń bá jà. Ní gbogbo ìlú tó ti jà ni àwọn òǹwòran ń tutọ́ sí i lára. Àwọn ìyá arúgbó á fi abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń de fìlà mọ́rí gún un nítan. Ó bẹ Kessler kó má ṣáà gbé òun wá sí Stockton. Kessler gbà. Nígbà tó yá, ó gbé e wá.

Gbogbo wa la lọ wo bí wọ́n ṣe máa lu ará Jàpáánù. A ò mọ̀ pé Takyo ni; ọkọ̀ ojú omi ló sọ fún wa pé òun ń bá ṣiṣẹ́. Bó ṣe da iyọ̀ báyìí, Manong Sixto (Manong là ń pe ẹ̀gbọ́n), àgbà ìlú rẹ̀, tí àwọn ṣọ́jà Jàpáánù dáná sun ìyàwó ẹ̀ mọ́lé nígbà ogun, gbé àga, ó gòkè lọ bá a lórí pèpéle ìjà.

Takyo fi èdè wa kígbe: "Manong, èmi ni o! Takyo ni! Ẹ wò mí dáadáa!"

Ọwọ́ Manong dúró lókè.

"Mo ti rí ẹ. Àwọn ṣọ́jà yẹn ò mọ ìyàwó mi rí. Ìwọ jẹ oúnjẹ ọwọ́ ẹ̀."

Ó la àga mọ́ ọn lójú. Àwọn èrò hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Kessler dé ọsibítù tí wọ́n gbé Takyo lọ, kò kí i. "Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?" Ó wá fi aṣọ dúdú bo ojú kan tó fọ́ náà, ó sún sẹ́yìn wò ó. "Háà! O tún wá burú sí i. Wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀."

Takyo yà sí àgọ́ wa kó tó lọ. Alásè wa bu ìrẹsì fún gbogbo wa, ó fo Takyo. Takyo jókòó síbẹ̀ títí a fi jẹun tán, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Texas, níbi tó ti ń jà bí ará Jàpáánù títí ojú rẹ̀ kejì náà fi ń ṣókùnkùn.