Ogójì Ọdún Tí A Gbé Sá Lọ sí Varna

Lọ́dọ̀ wa ní ìlú Bălți, ọkùnrin kì í ṣe ọjọ́ìbí ogójì ọdún. Ogójì ọjọ́ ni ẹ̀mí òkú fi ń rìn kiri ilé kó tó lọ. Iye ti òkú ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá Màámi jiyàn.

Eudochia ni Màámi ń jẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi dáná fáwọn ọmọ jéléósinmi, kéèkì ọjọ́ìbí tí wọ́n sì ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, kéèkì kan ò wọ ilé tiwa. Bí ọjọ́ìbí wa bá pé, a ó bá ẹ̀wù tuntun lórí ìrọ̀rí, ó parí. Kí n má purọ́, ó máa ń bí mi nínú.

Ohun tó fà á ò pamọ́. Nígbà tí bàbá wa, Tudor, fẹ́ pé ogójì, ìyá wọn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a láṣà láti ṣe é. Màámi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ṣe kéèkì alájà mẹ́ta, wọ́n pe gbogbo àdúgbò. Bàbá jó títí bàtà fi já. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá lọ pẹja ní odò Prut, omi gbé wọn lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ó wá kan Ghenadie, àbúrò mi. Bí oṣù Kẹjọ ṣe ń sún mọ́lé ni Màámi ń rù sí i. "Má gun àkàbà o. Má wa ọkọ̀ lónìí." Ọkùnrin tó ti bímọ méjì! Rodica, ìyàwó rẹ̀, ló mú àbá wá.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kó lọ sí Varna létí òkun. Ta ló mọ̀ wá níbẹ̀? Ọjọ́ ọ̀hún á kàn kọjá ni."

Màámi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n mú gbogbo wa búra pé a ò ní kí i kú ọjọ́ìbí.

Nígbà tọ́jọ́ pé, Màámi jókòó sétí òkun tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọn ò jẹ́ kí Ghenadie ti ọmọ ìka bomi.

"Màmá, òkun nìyí, kì í ṣe Prut."

"Ṣé omi mọ orúkọ ara ẹ̀ ni? Jókòó jẹ́ẹ́!"

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àṣé a ti gbàgbé nǹkan kan: ìwé ìrìnnà wa tá a kó fáwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ìbí Ghenadie wà nínú ẹ̀ gbàgàdà. A ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà táwọn agbóúnjẹ mẹ́rin yọ sí wa pẹ̀lú kéèkì, orin lẹ́nu wọn, àbẹ́là ń jó, wọ́n fi ṣúgà kọ ogójì sórí ẹ̀. Gbogbo yàrá ìjẹun pàtẹ́wọ́.

Ghenadie ń dìde. Màámi ti àga ṣubú.

"Èmi ni! Èmi ni mo pé ogójì! Ẹ gbé e wá síbí!"

Ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tó wé gèlè dúdú! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màámi fẹ́ àbẹ́là náà pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n fọwọ́ gbá ogójì yẹn sẹ́nu, wọ́n ń jẹ ẹ́, ṣúgà ń ṣàn sí àgbọ̀n wọn.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Ghenadie ń wí.

"Má fọwọ́ kàn án! Bó bá fẹ́ mú èèyàn, kó mú mi."

Nígbà náà ni Màámi yíjú. Wọn ò wo Ghenadie, èmi ni wọ́n ń wò.

"Viorica, ṣé ó ti tó báyìí?"

Kò kọ́kọ́ yé mi. Ìgbà tó yá ni mo rántí. Lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá, létí sàréè, mo pariwo mọ́ Màámi lójú gbogbo ènìyàn: "Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n! Kéèkì yín ló pa wọ́n!" Èmi ti gbàgbé. Ọlọ́run gbọ́, mo ti gbàgbé pátápátá. Màámi fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbé e sáyà.

Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo ń nu àgbọ̀n wọn.

"Màmá, omi ló pa Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "kí ló wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó o tó sọ ọ́?"