Orúkọ Tí Ìyá Mi Pè Nínú Kámíò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mo gbọ́! Ṣùgbọ́n níbi ìsìnkú àbúrò bàbá mi obìnrin lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ tún dìde níwájú èrò, wọ́n ní ẹnu ìyá mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi. Irọ́ ni. Mo wà nínú kámíò náà, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa bọ̀ wálé.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Bàbá mi ń ṣe olùkọ́ ní Niger, ìjọba ibẹ̀ bá ní kí gbogbo ará Dahomey, Benin òde òní, máa lọ sílé. A gbọ́ pé àwọn kan ń dènà, wọ́n ń fa àwọn ọkùnrin wa bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń lù wọ́n. Bàbá mi fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn, kí ilà ojú rẹ̀ má bàa hàn. Ó ní Hausa ni gbogbo wa títí a ó fi sọdá odò Ọya, ẹnu ààlà. Ìyá mi, tó gbọ́ Hausa jù, ni yóò máa dáhùn. Àbúrò bàbá mi yìí, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, yóò máa jẹ́ Hawa.

Wàhálà dé! Obìnrin náà fajú ro. "Kí ìyàwó tí a fẹ́ wọlé máa pè mí lórúkọ ṣákálá?" Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ní òun ti gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ìrìn àjò wa, igi wà lójú ọ̀nà. Ọkùnrin mẹ́fà, kóńdó lọ́wọ́ wọn. Mo di aṣọ ìyá mi mú, ìtọ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi, n kò lè sunkún. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, ìyá mi dáhùn. Ọ̀kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ku díẹ̀ ká lọ! Ó wá nawọ́ sí àbúrò bàbá mi tó ti sùn lọ lórí àpò: ta nìyí?

Ìyá mi fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀. "Hawa! Hawa!"

Ó ta jí. "Èmi lò ń pè bẹ́ẹ̀? Ìwọ ìyàwó! Àbí orí rẹ dàrú ni?" Yorùbá gbọnrangandan!

Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ṣíwọ́. Ó tú aṣọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi.

Wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀. Ìyá mi fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé e, mo so mọ́ ọn lọ́rùn. Ta ló ń gbá páànù ọkọ̀, tó ń pariwo fún dírẹ́bà pé "Máa lọ! Máa lọ!"? Ṣé ó tún yẹ kí n sọ?

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Parakou. Nígbà tí òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa, yọ, àwọn ará ọkọ̀ ń dúpẹ́. Ìyá mi ò gbójú sókè. Ojoojúmọ́ ló ń lọ dúró de ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fọn, màá bi ara mi: ṣé a ó rí bàbá mi, àbí òkú rẹ̀?

Ọjọ́ kejìlá ni bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti lù ú débi pé etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́ láéláé. Kí ó tó dé, àbúrò rẹ̀ ti tan irọ́ ká gbogbo agbo ilé pé ẹnu ìyá mi ló tú àṣírí.

Ìyá mi kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Bàbá Dúpẹ́, etí yín ló ṣe. Ẹ sọ ẹni tó sọ̀rọ̀."

Bàbá mi wo àbúrò rẹ̀. Ó wo òkè. Ó ní ohun tó kọjá ti kọjá, ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyẹn nìkan! Ó kú láìsọ ọ́.

Èmi náà ńkọ́? Ọmọdé ni mí, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ṣùgbọ́n ṣé mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni? Ẹ̀rù ojú ọ̀nà tán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rù mọ̀lẹ́bí ni mo gbé kiri títí irun mi fi funfun. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ta ni wọ́n ń purọ́ mọ́ nílé yín, tí ẹ mọ òótọ́, tí ẹ dákẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á.

Títí ìyá mi fi kú, "Ìyá mi kékeré" ló ń pe àbúrò bàbá mi, lórí ìkúnlẹ̀. Kò pè é lórúkọ kankan mọ́. Èmi á pè é, ṣákálá: Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo sọ̀rọ̀.