Ọkọ̀ Tí Bàbá Àgbà Gé Nídìí

“Bàbá, ẹ má wo pákó yẹn bí ẹni ń wo òkú. Iye tí ọjà ń pè nìyẹn.”

Ọmọkùnrin tó ń ta pákó ní Bódìjà ló ń bá mi ṣàwàdà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pákó ìrókò ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ rà. Owó tó pè é, nígbà tí mo wà ní kékeré, èèyàn ì bá fi ra ilẹ̀, kó kọ́lé sí i, kó sì pe ènìyàn wá jẹun níbẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ayé ìgbà yẹn ti lọ, Bàbá. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe?”

Mo ní mo fẹ́ tún pẹpẹ kan ṣe nílé. N kò sọ irú pẹpẹ tó jẹ́ fún un.

Bàbá tó bí bàbá mi ló kàn án. Ọkọ̀ ojú omi ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kàn, létí òkun níbi tí ìdílé wa ti ṣẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kú, bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Bódìjà. Ìbàdàn kò bá a lára mu. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ le jù lábẹ́ ẹsẹ̀, àti pé tí òun bá dùbúlẹ̀, òun kì í gbọ́ nǹkan kan. Ariwo omi ló ń wá. Láràárọ̀, bí bàbá mi bá ti ń wọ bàtà ibi iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni: “Ìgbà wo la ń lọ ilé?”

“Tí òjò bá dá, Bàbá.”

Òjò dá, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà wá ní tí wọn ò bá mú òun lọ, òun á kan ọkọ̀ tí yóò gbé òun. Bàbá mi ra pákó fún un, bóyá kó lè rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ló ti ṣe é. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ìró ayùn, òórùn ọ̀dà gbígbóná ló máa ń bá a wá sí mi nímú. Ó ń fi òwú dí ibi tí pákó ti pàdé, ó ń fi ọ̀dà lé e, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló. Tó bá ti da omi sínú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. “Gbígbẹ!” ló máa wí, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwọn aládùúgbò a máa yọjú lórí ọgbà. “Bàbá, ṣé orí títì Bódìjà lẹ fẹ́ wa ọkọ̀ yìí gbà?”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí òjò Ìbàdàn bá fẹ́ gbé yín lọ, ẹ ó wá bẹ̀ mí.”

Ìyá mi, ọmọ Ìbàdàn tí kò rí òkun rí, kò bìkítà fún ọkọ̀. Pẹpẹ tí yóò to àwo sí ló ń tọrọ. “Ìyàwó mi, jẹ́ kí n parí eléyìí ná,” ni Bàbá àgbà máa ń dá a lóhùn.

Ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó máa ń kó ẹja gbígbẹ láti ilé wá sí Dùgbẹ̀, yà kí wa ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ò mà tíì darúgbó! Àmọ́ níbo lẹ ó máa so ó mọ́?”

“Iwájú ilé mi ni. Ibo ni mo tún ń so ọkọ̀ mọ́?”

Bàbá mi ń mi orí sí obìnrin náà pé kó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò rí i.

“Wọn ò tíì sọ fún yín ni? Òkun ti gbé àdúgbò wa lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ilé yín, ilé mi, gbogbo rẹ̀.”

“Ibojì ìyàwó mi ńkọ́?”

“Ó bá a lọ.”

Ìdí nìyẹn tí òjò kò fi í dá tán lójú bàbá mi.

Bàbá àgbà kò sunkún. Ó jókòó sínú ọkọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, tí bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbọ́ ìró ayùn. Ó gé ìdí ọkọ̀ náà kúrò, ó nà án ró, imú rẹ̀ kọjú sókè. Ó kan pákó dábùú inú rẹ̀, ọ̀kan lókè èkejì, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé e wọ pálọ̀.

“Ìyàwó mi, pẹpẹ rẹ rèé.”

“Háà, Bàbá, ẹ ṣeun! Ẹ ó pẹ́ fún wa!” Ìyá mi ti ń to abọ́ tánganran sí i tayọ̀tayọ̀ nígbà tí bàbá mi wọlé. Bàbá mi wo ibi tí wọ́n ti gé ọkọ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi rò pé omijé ayọ̀ ni.

Ìgbà tí mo dàgbà ni bàbá mi ṣàlàyé. Nínú ìdílé wa, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gé nídìí: ọkọ̀ ẹni tó ti kú. Wọ́n á nà án ró lẹ́yìn ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi wa omi. Bàbá àgbà ti gé tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣì wà láyé,” ni bàbá mi ń wí lọ́jọ́ yẹn láti ilẹ̀ tó jókòó sí.

“Níbo?” ni Bàbá àgbà bi í.

Kò tún béèrè ìgbà tí a ń lọ ilé mọ́. Kí òjò mìíràn tó dá, ó kú. Ilẹ̀ Ìbàdàn tó ní ó le jù náà la sin ín sí.

Lẹ́yìn náà, mo lọ sí yunifásítì, wọ́n kọ́ mi bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ìdánwò. Kò sí olùkọ́ tó sọ ibi tí èèyàn ń so ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí, àwọn ọmọ mi ń fóònù láti òkè òkun pé kí n ta ilé, kí n wá bá wọn. “Dádì, kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀?” Ikán ti jẹ pákó ìsàlẹ̀ pẹpẹ náà. Èyí tí mo rà láti fi rọ́pò rẹ̀ ṣì fara ti ògiri. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ náà kò jẹrà. Tí èèyàn bá da omi sí ibi tí Bàbá àgbà fi òwú dí, kò ní í jò. Tí àwọn èèyàn bá sì kí mi lójú títì pé, “Bàbá, ẹ mà ṣì wà!”, “Níbo?” ti Bàbá àgbà yẹn ló máa ń wá sí mi lẹ́nu, n ó sì gbé e mì.

Bàbá àgbà ti lọ. Àbúrò rẹ̀ ẹlẹ́ja ti lọ. Bàbá mi lọ, ìyá mi tẹ̀lé e, abọ́ tánganran rẹ̀ sì ti bó tán. Àwọn tó ń yọjú lórí ọgbà ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù ni ilé wọn dà. Àbúrò mi obìnrin ṣì wà ní Agbowó, ṣùgbọ́n kò dá mi mọ̀ mọ́. Èmi wà. Ọkọ̀ náà wà ní pálọ̀, ó nàró, ó ń wo òkè àjà.