Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa Á

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa dé láti gbé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo wa pé àwọn ò ní wọ ọkọ̀ kankan àfi tí àwọn bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkọ àwọn. Ọkọ wọn yẹn, bàbá mi nìyẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kú.

Ẹ má tíì sá. Inú dìkódà wa ni ohùn náà wà.

Èmi àti bàbá mi la jọ ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 nígbà ayé wọn. Lọ́jọ́ kan, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé kámẹ́rà wá síbi tí tírélà ti ń já ẹrù, wọ́n ń wá ẹni tó máa sọ ìdí tí àlùbọ́sà fi wọ́n. Gbogbo wa sá. Bàbá mi nìkan ló tún fìlà dé dáadáa, tí wọ́n lọ dúró síwájú kámẹ́rà bí ọkọ ìyàwó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Dìkódà wa jẹ́ irú èyí tó máa ń gba nǹkan pamọ́ sínú, mo sì ní kó gbà á. Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá mi wà, iná ò sí lọ́jọ́ náà, wọn ò rí i. Kí wọ́n tó wá sí Èkó wá wò ó, bàbá mi ti lọ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí i mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ dìkódà yẹn kọjá bí ẹni pé ó máa gé wọn jẹ.

Àfi ìgbà tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ wa ní Alápẹ̀rẹ̀, tí egungun ìbàdí dá, tí dókítà ní àwọn máa fi abẹ là wọ́n.

“Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá fún lóògùn oorun ló ń jí,” bí màmá mi ṣe wí nìyẹn. “Jẹ́ kí n gbọ́ bàbá yín ná.”

Mo rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí báyìí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro wà níbẹ̀. Ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n kan tẹlifíṣọ̀n mọ́, yàrá ẹ̀yìn ni màmá mi dùbúlẹ̀ sí, dókítà sì ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé wọn títí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé á fi dé. Mo fi fóònù ya ojú tẹlifíṣọ̀n náà, mo gbé e lọ bá wọn. Kìkì ariwo jẹnẹrétọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sí i títí.

“Ta lo dé mọ́ inú garawa yìí?”

Ọmọbìnrin mi àgbà, tó ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Magodo, ló là wá lójú lórí fóònù. Ó ní dìkódà yẹn lè gba wáífáì ilé gbé nǹkan lọ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, bí omi ṣe ń gba inú páìpù lọ láti táǹkì dé kíṣìnnì. A wá yọ àpótí wáífáì kúrò ní pálọ̀, a fi ìṣó gbé e kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè rí yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ti ń ṣe látàárọ̀, torí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan wà ní aago mẹ́rin tí ọkọ mi ti ń retí láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tó jẹ́ pé òun náà máa sìn wá lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí dìkódà bá òun gbà á. Dìkódà ní inú òun ti kún. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan. Mo dúró tì í bí ọ̀gá: “Ẹ pa eré yìí. Ẹ pa ìròyìn yẹn. Ẹ pa ti ìyá tó ń se oúnjẹ tí ò jinná yẹn.” Ọkọ mi ń tẹ rímóòtù, wọ́n ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “pa” yẹn sọ́kàn.

Ó kù ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù nígbà tí mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú màmá mi. Bàbá mi yọ, tòun ti fìlà. Wọ́n la ẹnu, àwòrán náà dúró síbẹ̀. Nǹkan róbótó kan ń yí lójú wọn.

“Kí ló ń yí lójú bàbá yín?”

“Wáífáì ni, Màmá.”

“Kò sí lójú wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ mi.”

Ọmọ mi ké lórí fóònù: “Mummy, ṣé ẹnì kan ń wò ó ní pálọ̀ ni? Kò lè fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà o!”

Mo tẹ́tí. Lóòótọ́, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, ohùn bàbá mi ń bọ̀ láti pálọ̀. Ọkọ mi ti jókòó, ó ń gbádùn àna rẹ̀.

Mo pariwo sí ọkọ mi: “Daddy! Ẹ pa á!”

“Kí n ṣe kí ni?”

“Mo ní ẹ pa á!”

“Ti Bàbá yìí náà?”

“Òun náà ni! Ẹ pa á kíá, ọkọ̀ ti fẹ́ dé!”

Pálọ̀ dákẹ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì ṣú, ọ̀rọ̀ òyìnbó jáde lójú rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ohun tí à ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọkọ mi wọlé, rímóòtù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó jẹ́ ẹ pé.

“Mo ti pa á. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Tẹlifíṣọ̀n ni mo ní kí ẹ pa!”

“Látàárọ̀, ṣé tẹlifíṣọ̀n la ti ń pa?”

Mo yíjú sí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo ń bẹ̀ ẹ́. Èmi, tí wọ́n ń fi ẹnu mi dẹ́rù ba àwọn alágbàrù ní Mile 12!

Màmá mi yí ojú sí ògiri. “Ẹ ti pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì,” ni wọ́n wí. “Ẹ sọ fún awakọ̀ kó padà.”

Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín kọ́kọ́ kọ̀ mí.

“Mummy! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan!” Mo ti gbàgbé pé ọmọ mi ṣì wà lórí fóònù. “Kò tíì lọ. Ibì kan wà tó ń da ohun tí ẹ bá pa sí, bí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ó máa wà níbẹ̀ títí nǹkan míì á fi gba àyè rẹ̀. Ṣé nǹkan kan fẹ́ wọlé báyìí?”

Èmi àti màmá mi yíjú sí ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bọ́ọ̀lù,” ló wí, jẹ́jẹ́.

Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́fà. A sáré dé pálọ̀. Ọmọ mi ń pè é, ọkọ mi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sókè. Ẹ padà. Kì í ṣe ibẹ̀, Daddy. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. A rí apẹ̀rẹ̀ náà. Ìyá tó ń se oúnjẹ tí ò jinná ló wà lókè pátápátá, bàbá mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ kó dá a padà. Dìkódà tún béèrè ọ̀rọ̀.

“Ó ní àyè ò gba méjèèjì. Kí n pa bọ́ọ̀lù, àbí kí n jẹ́ kí Bàbá lọ?”

“Daddy, ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Kò bi mí. Ó mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Hòónù dún lẹ́nu géètì. Ó kù ìṣẹ́jú méjì. Fìlà bàbá mi yọ padà láàárín àwọn tó kù. Ọkọ mi dìde, ó fi ìka tẹ bọ́tìnì ara tẹlifíṣọ̀n pa á fúnra rẹ̀, kò fọkàn tán rímóòtù mọ́.

Nígbà tí mo dé yàrá, àwọn méjì tó wá gbé màmá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Bàbá mi la ẹnu, lọ́tẹ̀ yìí ohùn jáde. Wọ́n sọ ti ọ̀nà tó bàjẹ́, wọ́n sọ ti òjò. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi dé ibi tí mo ti kọ̀ láti sọ fún màmá mi fún ọdún mẹ́ta:

“Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní òwò àlùbọ́sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Bó bá ń gbọ́ mi, kó má bínú, èmi ni mo fọ́ àwo rẹ̀ aláwọ̀ ewé yẹn. Kì í ṣe ewúrẹ́.”

Màmá mi gbórí sókè lórí ìrọ̀rí.

“Mo ta ewúrẹ́ yẹn! Nítorí àwo yẹn ni mo ṣe tà á!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ìbàdí dùn wọ́n, wọ́n ké, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá gbé wọn ń rẹ́rìn-ín láìmọ àwo, láìmọ ewúrẹ́.

“Ó tó,” màmá mi wí, wọ́n na ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin náà. “Ẹ gbé mi. Mo máa jí. Ẹ pa á.”

Kò sẹ́ni tó mira. Ọkọ mi rọra gbé rímóòtù sílẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

“Mo ní kí ẹ pa á, ẹ wá ń wò mí!”

“Màmá,” mo wí, “pípa èwo?”

Mo dojú tábúlẹ́ẹ̀tì dé orí ibùsùn, mi ò tẹ nǹkan kan.